Àṣìṣe tí a máa ń ṣe nígbà tí a bá ń ròyìn obìnrin Mùsùlùmí

Má fi àwòrán ẹlẹ́hàá sí orí gbogbo ìròyìn tó bá kan Mùsùlùmí. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń dùn mí jù. Ìròyìn lè dá lórí owó Mẹ́kà tàbí ìdánwò WAEC, obìnrin tó fi níkáàbù bojú ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dúró sí ẹnu ọ̀nà àsàlátù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú n'Ìbàdàn: gèlè lo máa rí, ìborí funfun, híjáàbù gígùn àti kúkúrú, bóyá ẹlẹ́hàá méjì láàárín wọn.

Kí ló dé tí àwòrán yẹn kò kúrò nílẹ̀? Ìkánjú wà níbẹ̀, torí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà olóòtú tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù náà máa ń tajà. Láti 2014 tí Boko Haram ti ń di bọ́ǹbù mọ́ àwọn ọmọbìnrin lára, ẹ̀rù ti bá aṣọ náà dọ́rẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ọ̀hún, ńṣe ni wọ́n jí wọn gbé. Ẹni tí wọ́n ṣe níbi la wá ń sá fún.

Má ṣe rò pé ẹnìkan ló máa ń fipá wé ìborí fún gbogbo obìnrin Mùsùlùmí. Ní December 2017, l'Ábújá, Firdaus Amasa, ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ pè sí iṣẹ́ lọ́yà, kọ̀ láti ṣí híjáàbù tó wọ̀ sábẹ́ wíìgì lọ́yà. Wọn kò pè é wọlé sí iṣẹ́ lọ́yà lọ́jọ́ yẹn. July 2018 ni wọ́n tó pè é, tòun ti híjáàbù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fíìmù, ẹ yé sọ gbogbo Alhaja di olórogún tó ń sáré tọ àáfà lọ torí àtiba tẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ẹ rántí Alhaja Humuani Alaga, aláṣọ n'Ìbàdàn, tó kó àwọn obìnrin ọlọ́jà jọ fi ẹ̀hónú hàn ní 1938, tó sì wà lára àwọn tó dá Isabatudeen, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí, sílẹ̀ ní 1958. Ẹgbẹ́ yẹn ló kọ́ ilé-ìwé gírámà fáwọn ọmọbìnrin.

Ṣùgbọ́n má fi ìyìn bo ìyà mọ́lẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n fipá mú wọn wọ ẹ̀hà lóòótọ́. Irú wọn nílò akọ̀ròyìn tó máa jókòó tì wọ́n, tí ọkọ kò ní í sí nítòsí.