Bí a ṣe ń mú orin kan náà dún ní gbogbo yàrá ilé: Snapcast, Raspberry Pi àti wáyà tó dára

Ohun tí a fẹ́ ṣe kò ṣòro láti sọ: ẹ tẹ orin kan lórí fóònù, kó dún ní pálọ̀, ní ilé ìdáná, ní yàrá àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé yàrá kan ń dún tẹ̀lé èkejì. Apá tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní sẹ́kọ́ńdì kan, nítorí náà tí sípíkà kan bá fi mìlísẹ́kọ́ńdì 1 gbẹ́yìn, kò ju kí ẹ sún un sẹ́yìn ní sẹ̀ńtímítà 34 lọ. Etí kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí ti ilé ìdáná bá fi mìlísẹ́kọ́ńdì 50 gbẹ́yìn ti pálọ̀, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì á máa gbọ́ olórin lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní pẹ́ tí á fi pa orin náà.

Snapcast ni ètò tí a ó lò. Ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà kan á jẹ́ olùpín: á gé orin sí wẹ́wẹ́, á kọ àkókò tí ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dún sí i lára, á sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kékeré (Raspberry Pi, tàbí Pi lásán) tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tinú yàrá yìí máa ń fi aago tiwọn wé ti olùpín láìdúró, wọ́n á sì dúró de àkókò kí wọ́n tó jẹ́ kí ègé náà dún. Ìyàtọ̀ àárín yàrá sí yàrá kì í sábà tó mìlísẹ́kọ́ńdì 0.2. Ohun tí a fi san án ni pé orin máa ń wà ní ìpamọ́ fún mìlísẹ́kọ́ńdì 1000 kó tó dún. Tí ẹ bá tẹ ìdádúró, ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n gba orí rẹ̀: ẹnu òṣèré á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí, kì í ṣe sípíkà. Orin tó wà ní 48000 Hz, bit 16, ọ̀nà méjì, ń gba mégábíìtì 1.5 ní sẹ́kọ́ńdì kan, FLAC, ọ̀nà ìfún-ohùn-pọ̀ tí Snapcast ń lò, sì tún máa ń dín in kù. Yàrá mẹ́fà kò tó mégábíìtì 10. Wi-Fi ilé èyíkéyìí lè gbé iye yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń rò pé Wi-Fi ti tó. Ìṣòro rẹ̀ ni ìdádúró. Ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 tí wọ́n rẹ́ lẹ́yìn àti nínú, pẹ̀lú dẹ́kìnì tó kún fún irin, máa ń jẹ́ kí Wi-Fi tún ohun kan náà fi ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, orin á wá máa já. Tí ilé bá ṣì wà lọ́wọ́ kíkọ́, ẹ ri páìpù wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sínú ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Kó má jẹ́ páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná. Níbi tí wọ́n bá ti gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì kọjá, kí wọ́n má jọ rìn pọ̀.

Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì onípò Cat5e tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà: ọ̀pọ̀ páálí tí wọ́n kọ Cat6 sí lára jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò. Ẹ fi réṣà fá ojú ọ̀kan nínú àwọn wáyà kéékèèké mẹ́jọ náà. Tí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ máa ń kán níbi tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ sì máa ń tú lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kí ìrìn ẹyọ kan má kọjá mítà 100.

Láti fi orí RJ45 (orí oníke tí a ń kì bọ ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sí i, ẹ bó awọ òde ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 3, ẹ tú àwọn tó lọ́ mọ́ra, ẹ fi ìka méjì nà wọ́n títí wọ́n á fi tẹ́jú, ẹ wá tò wọ́n láti òsì: funfun onílà ọ́rẹ́ǹjì, ọ́rẹ́ǹjì, funfun onílà gíríìnì, búlúù, funfun onílà búlúù, gíríìnì, funfun onílà búráùn, búráùn. Ẹ di orí náà mú kí ìdè rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí eyín góòlù wà lókè, kí wáyà sì wọlé láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ gé ẹnu wáyà lọ́gbọọgba kó ku bíi mìlímítà 13, ẹ tì í títí ẹ ó fi rí orí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ níwájú, kí awọ òde náà sì wọnú orí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pa. Tí awọ bá kù síta, ẹni tó bá kọsẹ̀ lára wáyà náà lẹ́ẹ̀kan péré ti bà á jẹ́. Ẹ rí i pé orí méjèèjì ní ètò àwọ̀ kan náà.

Gbogbo wáyà á parí sí ara switch kan (àpótí tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀), olójú 8 fún ilé yàrá mẹ́fà, tí switch náà á sì so mọ́ ráúta. Ẹ wọ inú ráúta, kí ẹ dá àdírẹ́sì kan yà sọ́tọ̀ fún olùpín. Nínú àpẹẹrẹ wa, 192.168.1.10 ni.

Raspberry Pi 4 tàbí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní Debian (irú Linux kan) dára fún olùpín. Ẹ so disk orin mọ́ ọn. Orin tó wà lórí disk yín kò jẹ dátà kankan, ó sì ń dún bí íntánẹ́ẹ̀tì kò tiẹ̀ sí. Ẹ kọ èyí sí ojú àṣẹ (terminal) rẹ̀, láti fi snapserver (apá olùpín Snapcast) àti mpd (MPD, ètò tó ń ka orin láti orí disk) sí i:

sudo apt install snapserver mpd

Nínú /etc/snapserver.conf, lábẹ́ [stream], ẹ fi èyí sí i:

source = pipe:///tmp/snapfifo?name=Ile&sampleformat=48000:16:2

Nínú /etc/mpd.conf, ẹ tọ́ka music_directory sí ibi tí orin wà, kí ẹ wá fi èyí kún un:

audio_output {
type "fifo"
name "Ile"
path "/tmp/snapfifo"
format "48000:16:2"
mixer_type "software"
}

Nọ́ńbà sampleformat àti ti format gbọ́dọ̀ bára mu. Tí MPD bá ń fi 44100 ránṣẹ́ tí Snapcast sì ń retí 48000, orin á yára, ohùn olórin á sì tín-ín-rín. Tí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ MPD bá ní wọn kò fún òun láyè láti kọ sínú snapfifo, ààbò Linux lórí /tmp ló fà á. Ẹ kọ fs.protected_fifos = 0 sínú /etc/sysctl.d/99-snap.conf, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì tún un tàn.

Ní yàrá, Raspberry Pi 3B tàbí 4 ló yá, nítorí wọ́n ní ojú wáyà. Zero 2 W kò ní. Ihò ìgbọ́rọ̀ tó wà lára Pi kò mọ́ tó, nítorí náà ẹ ra pátákó DAC (èyí tó ń sọ nọ́ńbà orin di ohùn) tó ní PCM5102A. Nínú /boot/firmware/config.txt, ẹ fi # síwájú dtparam=audio=on, kí ẹ kọ dtoverlay=hifiberry-dac sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá tún un tàn, aplay -l gbọ́dọ̀ fi sndrpihifiberry hàn. Ẹ wá fi snapclient (apá Snapcast ti inú yàrá) sí i, kí ẹ ṣí /etc/default/snapclient, kí ẹ kọ èyí sí i:

SNAPCLIENT_OPTS="--host 192.168.1.10 --soundcard default:CARD=sndrpihifiberry"

Orúkọ ni kí ẹ lò, kì í ṣe nọ́ńbà káàdì, torí nọ́ńbà lè yí padà nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn. Áàpù Snapdroid lórí Android á fi gbogbo yàrá hàn yín. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa sọ wọ́n lórúkọ, tí ẹ ó ti máa pín wọn sí ẹgbẹ́, tí ẹ ó sì ti dín ohùn ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn kù. Áàpù M.A.L.P. ni ẹ ó fi yan orin láti inú MPD.

Fún ámpílífáyà, pátákó TPA3116 wọ́pọ̀, kò sì wọ́n. Iye fóòtì (volt) tí ẹ bá fún un ló ń pinnu agbára rẹ̀: pẹ̀lú sípíkà ohm 8, fóòtì 12 kò lè mú ju nǹkan bíi wáàtì 9 wá kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ìyẹn tó fún yàrá, kò tó fún pálọ̀ ńlá. Fóòtì 24 lè mú bíi 30 wá. Ẹ má ṣe fi adápítà kan ṣoṣo bọ́ Pi àti ámpílífáyà papọ̀. Ilẹ̀ iná wọn á yí ká pàdé ara wọn, ẹ ó sì máa gbọ́ híín tí kì í dákẹ́. Adápítà méjì ló ń tán an.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń dún, ẹ yan orin tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí agogo ti hàn ketekete, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà láàárín yàrá méjì. Ìlù gbẹ̀du kò dára fún ìdánwò yìí, ohùn rẹ̀ gùn jù. Tí agogo bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣeé ṣe kí ámpílífáyà kan máa dá ohùn dúró fúnra rẹ̀, bí àwọn tó ní Bluetooth tàbí ètò ìtún-ohùn-ṣe nínú. Nínú Snapdroid, ẹ fi latency (iye ìgbẹ́yìn) sí yàrá tó ń gbẹ́yìn: tí ó bá fi mìlísẹ́kọ́ńdì 60 gbẹ́yìn, ẹ kọ 60. Ẹ máa sún un ní 10, 10, títí agogo á fi di ọ̀kan.

Yàrá kan tó ń já nígbà tí àwọn yòókù ń dún dáadáa, wáyà tàbí Wi-Fi yàrá náà ni kí ẹ wò. Tí gbogbo yàrá bá jọ ń já, olùpín tàbí disk ni. Bí ó bá di dandan láti lo Wi-Fi ní yàrá kan, ẹ pa ìfi-iná-pamọ́ rẹ̀ pẹ̀lú sudo iw dev wlan0 set power_save off, kí ẹ sì gbé buffer (ìpamọ́ mìlísẹ́kọ́ńdì 1000 yẹn) nínú snapserver.conf sí 1500. Tí yàrá kò bá tiẹ̀ hàn lórí Snapdroid rárá, ẹ wò ó bóyá fóònù yín wà lórí Wi-Fi àlejò, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ara wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Ẹ fi olùpín, ráúta àti switch sórí ínfátà tàbí UPS kékeré, nítorí bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, gbogbo ilé ló dákẹ́. Ti yàrá lè lọ kó bọ̀, á fúnra rẹ̀ padà sínú orin. Ṣùgbọ́n iná tó ń lọ lójijì máa ń ba mẹ́móríkáàdì jẹ́ tó bá ṣèèṣì ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Ní Pi yàrá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí ètò rẹ̀, ẹ wọ sudo raspi-config, Performance Options, kí ẹ tan Overlay File System. Láti ìgbà náà káàdì náà kì í kọ ohunkóhun mọ́. Orúkọ yàrá, ìwọ̀n ohùn àti latency kò ní sọnù, torí lọ́dọ̀ olùpín ni Snapcast ń tọ́jú wọn sí. Tí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà nínú Pi náà lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ́kọ́ pa Overlay, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.