Páìpù Lẹ́nu Abẹ: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Katakata Kó Yìnyín Láì Kó Òkúta

Abẹ, ìyẹn irin fífẹ̀ tí wọ́n fi ń ti yìnyín, tí wọ́n ń ta mọ́ katakata kékeré, ilẹ̀ ọlọ́dà ló bá mu. Ní apá gúúsù ìlú Buffalo níbí, ní ìpínlẹ̀ New York l'Amẹ́ríkà, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lójú ọ̀nà ilé ọ̀pọ̀ wa. Ẹ gbé abẹ yẹn lé e kí ilẹ̀ tó dì, ẹ ó rí i: yìnyín díẹ̀, òkúta rẹpẹtẹ, gbogbo rẹ̀ á kó jọ sórí koríko. Tó bá di ìgbà ooru, ọwọ́ lẹ ó fi máa ṣà á.

Páìpù irin kan ló máa gbà yín. Ẹ ó là á láti orí dé ìdí, ẹ ó wá kì í bọ ẹnu abẹ. Ikùn páìpù tó rí róbótó á máa yọ̀ lórí òkúta, kò ní wà á.

Ẹ wá páìpù dúdú tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì méjì, kó gùn tó abẹ yín. Dúdú ni mo wí o. Èyí tí wọ́n fi síńkì bò, èéfín rẹ̀ lè fi ibà dá yín dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá jó o. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ wẹ́dà n'Íbàdàn a máa ní ká lọ mu mílíìkì. Mílíìkì ò ràn án. Ẹ fi páìpù náà sílẹ̀ ni.

Ẹ wọn bí ẹnu abẹ ṣe nípọn tó, kí ojú ibi tí ẹ máa là fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Bí ẹ ṣe ń là á lọ, páìpù a máa fẹ́ pa dé lẹ́yìn dísìkì tí ẹ fi ń gé irin, á sì gbá a mú. Dísìkì tó bá há lè fọ́ lu èèyàn lójú. Torí náà, ẹ de páìpù mọ́ irin tó tọ́ pinpin, ẹ là á díẹ̀, ẹ ki irin pẹlẹbẹ bọ ojú ibẹ̀ kó má baà pa dé, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Awò nìkan ò tó, ẹ fi ìbòjú lé e.

Ẹ má jó páìpù mọ́ abẹ. Etí irin méjì ni kí ẹ jó mọ́ ẹ̀yìn páìpù, kí ẹ lu ihò sí wọn kó bá ihò bóòtù tó ti wà lára abẹ mu. Tó bá di ojú ọ̀nà ọlọ́dà, ẹ tú u. Kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ rárá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí igi, ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì.

Rọ́bà ló kàn. Yìnyín tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti orí Adágún Erie fúyẹ́ bí òwú. Bí ẹ ṣe ń tì í ni yóò máa fò kọjá lórí abẹ wá bò yín lójú. Ẹ wá àlòkù bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń kó òkúta nílé iṣẹ́, torí aṣọ inú rẹ̀ ń mú kó le. Ẹ gé e ní íǹṣì mẹ́wàá, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí abẹ, ẹ fi bóòtù dè é, kó dà síwájú. Kó má ga débi tí á bo iná mọ́tò.

Àwọn kan tún ń fi ìyẹ́ irin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí abẹ lè kó púpọ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ lára katakata kékeré. Gíà ló máa ń san gbèsè náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, yìnyín tó 80 íǹṣì ló bọ́ sí Orchard Park, ìlú kan nítòsí Buffalo. Kò sí ìyẹ́ tó ká irú ìyẹn. Ẹ tètè máa jáde kó o kó tó ga ni.

Bí táyà ẹ̀yìn bá ń yọ̀, ẹ so ṣéènì mọ́ ọn, ẹ da kọnkéré sínú àpótí kan kí ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Àpótí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, lóòró àti ní gíga á wúwo tó 150 pọ́n-ùn.

Ẹ máa yẹ ìsàlẹ̀ páìpù wò. Tó bá ti fẹ́lẹ́, ẹ jó irin díẹ̀ lé e, tàbí kí ẹ gé òmíràn.