Bí ẹ bá ń lọ wo ibi tí wọ́n ti ń lu ihò wá wúrà, nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ wò rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣíà díẹ̀díẹ̀ nílé iṣẹ́ tó ń wá wúrà, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, ẹ ò ní rí wúrà níbẹ̀ o. Mo mọ̀ pé torí ẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lọ, wọ́n rò pé á máa dán yanran lára òkúta, àmọ́ tí gíráàmù 2 bá wà nínú tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn gíráàmù 2 nínú mílíọ̀nù kan, iṣẹ́ gidi lè ti wà níbẹ̀, ojú ta ló fẹ́ rí ìyẹn? Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òkúta yẹn látìgbà tó ti jáde nílẹ̀ títí tó fi dé láàbù, níbi tí wọ́n ti ń wọn wúrà inú ẹ̀, lẹ̀ ń lọ wò.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ka àwọn ìkéde wọn, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ihò méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi ń yangàn sílẹ̀, àti mítà tí wúrà ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka wúrà sílé, kì í ṣe torí olè o, wúrà rọ̀ ni, tó bá ha òkúta, ìyẹ̀fun ẹ̀ lè dúró lára sáńpù, ìyẹn òkúta tí wọ́n ń kó lọ sí láàbù, nǹkan tó sì kéré báyẹn náà ni láàbù ń wá. Ẹ wọ bàtà tó ní irin lẹ́nu, ẹ má wọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹ jìnnà sí páìpù tó ń yí, kẹ́ ẹ sì dí etí yín torí ariwo rígì, ẹ̀rọ tó ń lu ihò, kì í ṣe kékeré.

Tó bá jẹ́ rígì tó ń fi atẹ́gùn fẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ jáde, àpò kan fún mítà kan, ẹ fọwọ́ kan àwọn àpò yẹn. Tí wọ́n bá tutù, ẹ bi wọ́n ìdí ẹ̀, torí omi lè po òkúta òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ó tán.

Èyí tó ń yọ òkúta jáde gbọọrọ bí ọ̀pá, tí wọ́n ń pè ní core, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Inú àpótí ni wọ́n ń tò ó sí, wọ́n á wá fi búlọ́ọ̀kù kékeré sàmì sí bó ṣe jìn tó. Mo dúró ti àpótí kan rí, búlọ́ọ̀kù kan kọ 84, èkejì kọ 87, mo yọ téèpù, mo wọ̀n ọ́n, mítà kan ó lé díẹ̀ ni mo bá. Jiọ́lọ́jíìsì, onímọ̀ nípa òkúta, ní ibẹ̀ ti rún, omi tí wọ́n fi ń lu ihò ló gbé ìyókù lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ibi tó rún bẹ́ẹ̀ náà ni wúrà sábà máa ń wà, mo wá bi í pé kí ni wọ́n kọ sínú ìwé fún mítà tó sọnù yẹn, ló bá pe ọ̀gá ẹ̀.

Ìdajì core ló yẹ kẹ́ ẹ bá nínú àpótí, torí ṣe ni wọ́n ń fi ayùn là á sí méjì, apá kan á lọ láàbù, èkejì á wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bre-X, ilé iṣẹ́ Kánádà tó lóun rí wúrà rẹpẹtẹ ní Busang ní Indonéṣíà, odindi ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n wá ń da wúrà sínú sáńpù. Ní 1997, ilé iṣẹ́ míì lu ihò tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, kò bá nǹkan gidi kan, àṣírí sì tú. Torí náà ẹ dárúkọ ihò tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, kí wọ́n gbé àpótí ẹ̀ wá, ẹ má wo kìkì èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀ dè yín, ọlọ́jà kì í kó èyí tí ò dáa síwájú.

Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó ń dán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pyrite, nǹkan kan tó ń dán bíi wúrà àmọ́ tí kì í ṣe wúrà. Ẹ ní kí jiọ́lọ́jíìsì fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́: wúrà á tẹ̀ wọnú, pyrite ò ní gbà.

Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ki òkúta tí ò ní wúrà rárá àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ti mọ iye wúrà inú ẹ̀ sáàárín sáńpù, láìsọ fún láàbù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá láàbù ń wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ tún bèèrè bí ibi tí wọ́n kéde pé wúrà wà ṣe nípọn tó gan-an, torí tí ihò bá dàgẹ̀rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, mítà 10 nínú ihò lè má tó 10. Ẹ kan ìṣó gba ara pákó kó dàgẹ̀rẹ̀, ibi tó gbà kọjá á gùn ju bí pákó ṣe nípọn tó.

Tẹ́nì kan bá sọ èsì tí wọn ò tíì kéde sí yín létí, ẹ má fi ra ṣíà, ẹ má fi tà, ẹ̀wọ̀n ń bẹ nídìí ẹ̀ lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Kẹ́ ẹ tó padà, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ihò tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Páìpù kékeré tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ tan GPS fóònù yín, ẹ fi wé ibi tí wọ́n tẹ̀ jáde pé ihò náà wà, tó bá fi mítà díẹ̀ yàtọ̀, fóònù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó bá fi ọgọ́rùn-ún mítà yàtọ̀, ẹ má tíì wọ mọ́tò.