Ìwé Ẹlẹ́yìn Líle: Bí Kánsẹ́lọ̀ Ṣe Ń Pẹ́ ní Káńsù ní Àbújá

Mo ní ìwé méje nínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Karu. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni gbogbo wọn, irú èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń rà. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ìkẹyìn parí ní 2019. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ló ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Honorebu wọlé: 2010, 2013 àti 2016. Ọdún mẹ́ta ni sáà kan nígbà yẹn. Nígbà tí 2019 dé, àwọn fúnra wọn ló ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní létí títì: kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì kan, jẹnẹrétọ̀ kan. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti tẹ àwọn lẹ́tà wọn nígbà tí wọ́n ń díje. Bí wọ́n ṣe wọlé tán, wọ́n gbé ìwé kan wá, wọ́n ní kí n bá àwọn fa ìlà sí i. Gbagyi, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ Àbújá, ni Honorebu, ọmọ Ọ̀fà ni èmi, Haúsá la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn Yorùbá àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Akọ̀wé.

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ díje máa ń wá bi mí pé kí ló mú ọ̀gá mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń rò pé owó ni, tàbí bàbá ìsàlẹ̀. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni pé Honorebu máa ń mú èsì padà lọ fún ẹni tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ rárá. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tètè yanjú ti òfin. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kó ti pé ọmọ ọdún 25, kó ní ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà á kalẹ̀. Ti alága káńsù, ọdún 30 ni. Àbújá kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò ní gómìnà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ INEC fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò ìdìbò káńsù níbẹ̀, kì í ṣe àjọ ìpínlẹ̀ bíi ti Kwara. Káńsù mẹ́fà ló wà: AMAC (Abuja Municipal, tí Karu wà nínú rẹ̀), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Wọ́ọ̀dù 62 ni gbogbo wọn ní, 12 nínú rẹ̀ wà ní AMAC. Òfin Ìdìbò 2022 ti sọ sáà di ọdún mẹ́rin.

Ó yá, ìwé. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Bí ẹ bá ń tẹ fóònù nígbà tí èèyàn ń rojọ́ fún yín, kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun lẹ ń kọ tàbí ẹlòmíràn lẹ ń dá lóhùn lórí WhatsApp. Bí ẹ bá ṣí ìwé níwájú rẹ̀, tí ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ẹ fa ìlà kí ojú ìwé pín sí márùn-ún: ọjọ́, orúkọ ẹni náà àti ibi tó ń gbé, ohun tó béèrè bó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ta ló ni iṣẹ́ náà, èsì àti ọjọ́ tí ẹ mú un lọ. Ẹ jẹ́ kí ààyè karùn-ún yẹn fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Ààyè kẹrin ló ń yọ kánsẹ́lọ̀ tuntun lẹ́nu jù. Tiransifọ́mà tó jó, ti AEDC, ilé-iṣẹ́ iná, ni. Omi ẹ̀rọ, ti FCT Water Board ni. Ilẹ̀ àti ìwé ilẹ̀, ọ́fíìsì Mínísítà ni. Ohun tí òfin ìpìlẹ̀ fi lé káńsù lọ́wọ́ ni ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, ọ̀nà àdúgbò àti ojú àgbàrá, àti ìdọ̀tí kíkó. Ó tún ní ìpín nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Kánsẹ́lọ̀ pàápàá kò ní agbára láti gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ṣòfin káńsù, láti yẹ ìṣúná wò, kó sì bi alága léèrè bí owó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí tiransifọ́mà nígbà ìpolongo ti ṣèlérí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Honorebu kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí n tẹ lẹ́tà sí àwọn tó ni iṣẹ́, a ó mú un lọ, a ó gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀, a ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé. Ẹ̀dà yẹn ni wọ́n á lọ fi han ẹni tó béèrè.

Ní 2025, àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Àbújá da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nítorí owó oṣù tó kéré jù lọ, 70,000 náírà. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà kánsẹ́lọ̀ ni àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ kàn. Bí ẹ kò bá lè ṣàlàyé ibi tí owó olùkọ́ ń gbà wọlé àti ibi tó há sí, kí lẹ fẹ́ kọ sí ààyè karùn-ún?

Nínú ìwé kejì, ìlà kan wà tí mo máa ń fi han àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Ní 2011, ìyá àgbàlagbà kan, Gbagyi, dá Honorebu dúró lójú ọ̀nà, ó ru igi ìdáná lé èjìká. (Gbagyi kì í ru ẹrù lé orí, èjìká ni.) Àgbàrá kan ti gé àdúgbò wọn sí méjì. Bí òjò bá rọ̀, igi á wà lóko, àwọn ọmọ kò sì ní lè lọ sílé-ìwé. Afárá kékeré ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo kọ ọ́. Ní Sátidé kejì a padà lọ sọ fún un pé ìṣúná ọdún náà ti kọjá, a ó gbìyànjú ti ọdún tó ń bọ̀. Ìyá náà wo Honorebu lójú, ó ní, "Ka dawo?" Ìyẹn ni pé, o padà wá? Pípadà tí wọ́n padà wá yà á lẹ́nu ju èsì lọ.

A ṣe iṣẹ́ tó yẹ. A fi tépù wọn ìbú àgbàrá náà, a ka àwọn ilé tó wà lódìkejì, 39 ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀ nínú òjò, kì í ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo rẹ̀ dà bí ọ̀nà lásán. Mai unguwa, baálẹ̀ àdúgbò náà, fọwọ́ sí lẹ́tà. A mú un dé ẹ̀ka iṣẹ́ òde àti ọ́fíìsì alága kí wọ́n tó gbé ìṣúná wá síwájú àwọn kánsẹ́lọ̀, nítorí bí ìṣúná bá ti dé iwájú wọn, ó ṣòro láti ki nǹkan tuntun bọ inú rẹ̀. Lọ́dún kìíní, wọ́n yọ ọ́. Lọ́dún kejì, ó wọlé, owó kò kàn án. Gbogbo rẹ̀ la padà lọ sọ, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdìbò 2013 dé, afárá kò tíì sí. Síbẹ̀, kò sí ibùdó ìdìbò tí Honorebu ti mú ìbò bíi ti ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣe afárá náà.

Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ fi ṣe ọjọ́ èsì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì má kọjá lórí ìlà kankan láìjẹ́ pé ẹni náà gbọ́ nǹkan. Kí ẹ tó wọ àdúgbò kan, ẹ kọ́kọ́ kí baálẹ̀ ibẹ̀. Onílẹ̀ ni wọ́n, àwa ni a wá bá wọn. Mo ń bá àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fẹ́ díje wí lórí èyí. Ẹ ti gbé Àbújá fún ogún ọdún, Haúsá yín kò kọjá ti ọjà.

Ọjọ́ kan wà tí ìwé náà dùn mí. Nígbà tí káńsù ń pín ṣọ́ọ̀bù tuntun nínú ọjà, ẹgbẹ́ ìlú wa rán mi sí Honorebu pé kí wọ́n bá wa ya mẹ́rin sọ́tọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìbéèrè náà. Ọjọ́ kẹta, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, wọ́n ní rárá, àwọn tó ti ń tajà nínú òòrùn níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́, omi bọ́ lójú mi. Mo lọ jíṣẹ́ náà nípàdé wa, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní àwọn kò gbọ́ èsì, nígbà ìdìbò tó tẹ̀lé e wọ́n sì dìbò fún Honorebu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọkọ̀ lọ sí ìlú. Ó lé ní 70 èèyàn tó kú. Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn ará wọ́ọ̀dù ti kún iwájú ilé Honorebu. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ẹ bá mi wá ọmọ mi, ẹ bá mi wá ọkọ mi. Mo kọ orúkọ, aṣọ tí wọ́n wọ̀ jáde, ibi tí wọ́n ń lọ. Honorebu gbé ìwé náà lọ sí ọsibítù Asokoro, Maitama, àti National Hospital. Ẹni tí wọ́n bá rí láàyè, wọ́n á pe ará ilé rẹ̀ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá rí láàyè, wọn kì í sọ ọ́ lórí fóònù. Wọ́n á wá àgbà ìdílé kan, wọ́n á jọ lọ. Tí irú rẹ̀ bá kàn yín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó kàn yín, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. N kì í ṣí ojú ìwé yẹn.

Ní ti owó, èèyàn á wá fún ìkómọ, òkú, owó ilé-ìwé. Ẹ ya iye kan sọ́tọ̀ lóṣù. Bó bá tán, ẹ sọ pé ó tán.

Nígbà tó ku oṣù kan kí Honorebu kúrò ní 2019, mo ka gbogbo ìlà tí ààyè karùn-ún rẹ̀ ṣófo. 27 ni. Mo tẹ wọ́n jáde ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún kánsẹ́lọ̀ tuntun. Honorebu bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń sọ fún oníkálukú pé kò tíì bọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, ọwọ́ ẹni báyìí ló wà. Ìlà kan ṣẹ́ kù. Ìyá aláfárá yẹn náà ni, ó béèrè bóòhólù ní 2018, àmọ́ ó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Keffi. Nígbà tó fi máa padà dé, Honorebu ti kó lọ sí oko wọn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo gba orí afárá náà kọjá. Ó ti darúgbó sí i. Ó ní, "Kin dawo?" Mo ní mo dé, Mama. Mo sọ fún un pé bóòhólù kò tíì sí, mo sọ orúkọ ẹni tuntun náà àti ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ó gbé àga fún mi. Mo kọ ọjọ́ náà síbẹ̀, mo sì pa ìwé keje dé.