Ẹ má ka bàálù mọ́ èèyàn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa àwọn bàálù ojú omi tó ṣòfò nínú Ogun Àgbáyé Kejì

Ní ọdún 1943, ikọ̀ 270 ti ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì kẹ́rù kúrò ní Jui lẹ́bàá Freetown ní Sierra Leone, wọ́n wá tẹ̀dó sí Àpápá. Bàálù Catalina ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Sunderland ni wọ́n fi parí. Bàálù ojú omi ni méjèèjì: ikùn wọn dà bí ti ọkọ̀ ojú omi, orí omi ni wọ́n ti ń gbéra, orí omi náà ni wọ́n ń bà sí. Láti Èkó ni wọ́n ti ń jáde lọ ṣọ́ òkun, kí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì má bàa ráyè rì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá. Oṣù Kẹfà ọdún 1944 ni wọ́n tú ikọ̀ náà ká.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa rárá, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí a ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ á rí i lákọsílẹ̀ pé bàálù kan ṣòfò, á sì gbà pé òun ti mọ ohun tó bá àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ìṣirò bàálù yàtọ̀, ìṣirò èèyàn yàtọ̀. Inú ibi tí a ti ń pa méjèèjì pọ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀ ti ń jáde.

Ẹ má ṣe sọ iye bàálù di iye òkú

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, àwọn bàálù tó gbéra láti orí ọkọ̀ ogun Ark Royal yìnbọn lu Dornier 18 kan, bàálù ojú omi ti Jámánì, ó sì bọ́ sínú Òkun Àríwá. Bàálù náà ṣòfò pátápátá. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ yè, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ló lọ kó wọn. Ní Kaneohe ní Hawaii, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, Catalina 27 nínú 36 tí àwọn Amẹ́ríkà ní níbẹ̀ ló jóná tàbí tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Catalina kan a máa gbé èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹni tó bá wá fi mẹ́jọ lu 27 yóò pa èèyàn tó lé ní igba nínú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye tó kú níbẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀ rárá. Ibùdókọ̀ ni àwọn bàálù yẹn wà nígbà tí iná ràn wọ́n, kò sí òṣìṣẹ́ tó pé nínú wọn.

Ó sì lè rí lódìkejì, kí òkú pọ̀ ju ohun tí ìwé ológun lè fi hàn lọ. Broome, létí òkun ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 1942, àwọn ará Nẹ́dálándì ń sá kúrò ní erékùṣù Java nítorí àwọn Japan ti dé tán. Bàálù ojú omi ló ń kó wọn, ìyá àti ọmọ, wọ́n ń kó wọn bà sí Roebuck Bay, omi tó wà níwájú Broome. Omi òkun Broome máa ń fà lọ jìnnà, a sì tún máa kún gan-an, nítorí náà kì í ṣe ìgbàkígbà ni ọkọ̀ lè sún mọ́ etíkun láti já èrò. Ọ̀pọ̀ àwọn èrò yìí sùn sínú bàálù lórí omi, wọ́n ń dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, bàálù ogun Zero mẹ́sàn-án ti Japan yọ sí wọn. Bàálù ojú omi 15 ló wà lórí omi, gbogbo wọn ló jóná. Nínú gbogbo ìkọlù ọjọ́ náà, ó kéré tán èèyàn 88 ló kú. Mo ní ó kéré tán, nítorí pé àwọn tó sá àsálà kì í ní orúkọ nínú ìwé ikọ̀ ológun kankan. Ẹni tó bá ka awakọ̀, ayìnbọn àti oníṣẹ́ rédíò nìkan ní Broome ti gbàgbé àwọn ọmọdé tó kú síbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó so mọ́ èyí. Bí bàálù bá bà sórí omi tí gbogbo èèyàn sì jáde láàyè, ẹ má tíì kọ ọ́ pé wọ́n yè. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1944, David Hornell, awakọ̀ bàálù ojú omi, ọmọ Kánádà, gbógun ti ọkọ̀ abẹ́ omi U-1225 ní àríwá Shetland. Ó rì í, ṣùgbọ́n ìbọn ọkọ̀ náà ti ba bàálù tirẹ̀ jẹ́, iná ti ń jó ìyẹ́ rẹ̀. Ó bà sórí omi, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde. Ọkọ̀ rọ́bà méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan bẹ́. Èyí tó ṣẹ́kù kò gbà wọ́n tán, nítorí náà wọ́n ń gbapò ara wọn: àwọn kan á jókòó, àwọn yòókù á dì mọ́ ọn lára nínú omi tó tutù bíi yìnyín. Wákàtí 21 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì kú kí olùgbàlà tó dé. Ojú Hornell ti fọ́ nígbà tí wọ́n gbé e, kò sì pẹ́ tí òun náà fi kú. Mẹ́ta nínú mẹ́jọ, òtútù àti ìdúró ló pa wọ́n. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ìbọn ló pa wọ́n, ẹ ti gba wákàtí 21 yẹn lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá ló pa gbogbo wọn

Ìkúukùu pa èèyàn. Òkè pa èèyàn. Ìgbì òkun tí awakọ̀ kò rí nínú òkùnkùn pa èèyàn púpọ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1942, Sunderland W4026 ti ikọ̀ 228 gbéra ní Invergordon ní Skọ́tíláǹdì, ó forí lé Iceland. Èèyàn 15 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan sì ni Ọmọba George, Duke ti Kent, àbúrò Ọba George Kẹfà. Kò tó wákàtí kan tí bàálù náà fi kọlu òkè kan ní Caithness nínú kùrukùru. Wọ́n kọ́kọ́ kéde pé gbogbo wọn ló kú. Ìròyìn yẹn kò tọ́. Ayìnbọn tó wà ní ìdí bàálù, Andrew Jack, já kúrò lára ìyókù nígbà tí ìrù bàálù ṣẹ́. Ó jóná, síbẹ̀ ó rìn nínú koríko òkè, ó sì dé ilé ẹnì kan lọ́jọ́ kejì. Títí di òní ni àwọn kan ṣì ń kọ 15 síbi tó yẹ kí wọ́n kọ 14.

Nítorí pé ọmọ ọba wà níbẹ̀, àhesọ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní tún un sọ. Èyí tó ká mi lára ni ti awakọ̀ náà, Frank Goyen, ọmọ Ọsirélíà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ àbájáde ìgbìmọ̀ ìwádìí fún Ilé Aṣòfin, pé òun ló jẹ̀bi: pé kò gba ọ̀nà tó yẹ kó gbà, kò sì fò ga tó. Ó ti kú, kò lè fèsì. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ ìwádìí ló dá a lẹ́bi. Ẹ má fi ẹnu ara yín dá a lẹ́bi.

Ẹ má ṣe fi ẹnu ẹnì kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí awakọ̀ sọ nígbà tó padà dé jẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú èéfín, ó sì lè má jẹ́ gbogbo rẹ̀. John Cruickshank, awakọ̀ Catalina ti ikọ̀ 210, kọlu ọkọ̀ abẹ́ omi kan lójú òkun Nọ́wè ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1944. Nígbà àkọ́kọ́ tó kọjá lórí rẹ̀, àwọn bọ́ǹbù kò já. Ó yí padà. Ìbọn pa atọ́nà rẹ̀, ọgbẹ́ 72 sì wà lára òun fúnra rẹ̀, síbẹ̀ bọ́ǹbù já nígbà kejì, ọkọ̀ náà sì rì. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n fi fò padà sí Sullom Voe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, U-347 ni gbogbo ìwé ń pe ọkọ̀ tó rì yẹn. Nígbà tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ Jámánì wé e, wọ́n rí i pé U-361 ni. U-347 náà rì lọ́jọ́ yẹn kan náà, ṣùgbọ́n bàálù mìíràn ló rì í. Bí ẹ bá ń da orúkọ kọ láti inú ìwé àtijọ́, ibi tí ẹ ó ti gbé àṣìṣe náà lọ síwájú nìyẹn.

Nígbà mìíràn ẹnu ọ̀tá nìkan ni òtítọ́ kù sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1943, ní ìwọ̀ oòrùn Dakar, Lloyd Trigg, awakọ̀ ọmọ New Zealand, kọlu ọkọ̀ abẹ́ omi U-468. Bàálù orí ilẹ̀ ni Liberator tirẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Sunderland kan ti ikọ̀ 204 ló rí ọkọ̀ rọ́bà kan lórí omi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n rò pé Trigg àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Clarkia dé ibẹ̀, Jámánì méje ló wà nínú rẹ̀, inú ọkọ̀ rọ́bà tó já bọ́ láti ara bàálù Trigg. Gbogbo àwọn tó bá Trigg lọ ló kú, àwọn Jámánì wọ̀nyí ló sì ròyìn ìgboyà rẹ̀. Ẹ̀rí wọn ni Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún ìgboyà lójú ogun.

Ti ọjọ́ àti nọ́ńbà kò gùn. Catalina W8417 ti ikọ̀ 205 bọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941 lẹ́yìn tó rí àwọn ọkọ̀ Japan tó ń lọ kọlu Malaya; àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú rẹ̀ ló kú. Ọjọ́ 7 ni a ń pe Pearl Harbor náà, nítorí náà àwọn èèyàn máa ń rò pé ìgbà kan náà ni. Nígbà tí bọ́ǹbù já ní Pearl Harbor, ọjọ́ 8 ti mọ́ ní Malaya. Àwọn mẹ́jọ wọ̀nyí ti kú ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi lẹ́tà tí wọ́n kùn sí ara bàálù dá a mọ̀. Bí bàálù kan bá ṣòfò, wọn a máa fún èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní lẹ́tà kan náà. Nọ́ńbà bíi W4026 ni kì í yí padà.

Fún ẹni tó ń wá orúkọ àwọn tó jáde láti Àpápá, Jui tàbí Bathurst (Banjul òde òní, ní Gáḿbíà) tí wọn kò sì rí òkú wọn, ibi ìrántí Runnymede lẹ́bàá London ni ọ̀pọ̀ máa ń lọ wá, wọ́n á sì bá òfo padà. Àwọn tó jáde láti ibùdó ilẹ̀ Bìrìtéènì àti Àríwá Yúróòpù ló wà níbẹ̀. Orí ọ̀wọ̀n Malta, ní Floriana, ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tó jáde láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí, pẹ̀lú ti Trigg.

Bí ẹ bá sì dé Broome nígbà tí omi fà púpọ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí àwọn kan lára àwọn bàálù wọ̀nyẹn ṣì wà nínú ẹrẹ̀. Ẹ má ṣí irin kankan kúrò níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Òfin ló dáàbò bò wọ́n, èèyàn sì kú sínú wọn.