Ẹ Má Tíì Ra Dọ́síbíìnì Aláwọ̀ Mẹ́ta Yẹn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún rí dọ́síbíìnì mẹ́ta tí wọ́n fi ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú ilé ìnáwó kan ní Alágbàáká: ewé, búlúù, yẹ́lò, wọ́n ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo ṣí èyí tí wọ́n kọ "ike" sí. Iyán òun egungun ẹran ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kíkó ike àti agolo ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi.

Èkíní, ẹ̀ ń ra dọ́síbíìnì kí ẹ tó mọ ẹni tó máa ra ohun tó bá wà nínú ẹ̀. Ẹ wá oníbàárà ná. Ẹ yí ìdí ike omi wò, ẹ óò rí 1 nínú igun mẹ́ta kékeré, àmì irú ike tó jẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tó ń ra ìyẹn ni kì í fẹ́ fojú kan ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, torí wọn kì í jọ yọ́ wọn pọ̀.

Èkejì: ẹ má gbé ti ike kalẹ̀ láìsí ti ìdọ̀tí lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù, ẹnu dọ́síbíìnì tó la gbàgà. Èmi náà ti ṣe é rí o. Mo ra dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta, mo kùn wọ́n, mo sanwó fún ayàwòrán pé kó ya ewé sí i (ewé náà jọ ewúro), mo fi gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún sára wọn, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba. Mo wá dúró lókèèrè, mo ń yan. Kí aago 11 tó lù, ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà gbé omi ẹ̀wà dé, ó dà á yàà sínú ti ìwé. Mo sáré lọ.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ìwé nìkan ló wà fún!"

Wọ́n wo dúrọ́ọ̀mù, wọ́n wò mí. "Dúrọ́ọ̀mù ṣáà ni, ọmọ mi. Ṣé ó ń jẹ́ orúkọ ni?"

Nígbà tí oníbàárà ìwé dé nírọ̀lẹ́, ó fi ìka méjì gbé páálí kan, ó jẹ́ kó jábọ́, ó gun ọ̀kadà ẹ̀ lọ.

Ẹ fi ìdérí sí ti ike, kí ẹ dá ihò roboto tí ike omi lè gbà wọlé, tí àwo oúnjẹ ò ní gbà. Ti ìwé, ojú tín-ín-rín bí ẹnu àpótí ìbò. Ti ìdọ̀tí nìkan ni kó fẹ̀. Ẹ so ike omi gan-an mọ́ iwájú ti ike. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín pé kí nìyẹn.

Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí omi òjò lè jáde. Tó bá kún tẹ́ ẹ ò tètè kó o, gọ́tà á bá yín kó o lọ sí odò Alà. Ẹ má sì fi àgádágodo tì í nítorí àwọn ọmọ tó ń ṣa ike; wọ́n á fọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe. Háà, agolo mínírà: mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà á. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ agolo mílíìkì, owó wọn ò dọ́gba.

Ìkẹyìn (kẹfà ni àbí keje), ẹ bá ẹni tó ń wá kó o sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oǹdó, àwọn ọmọdé ṣa ike lọ́tọ̀, ìwé lọ́tọ̀, fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ dé, ó da gbogbo ẹ̀ pọ̀ lójú wọn. Ọmọbìnrin kan wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ká tún máa ṣà á?" Mi ò rí èsì fún un. Mo bá a di ìwọ̀nba tó kù sínú àpò, mo sọ ọ́ sí búùtù mi.