Bí a ṣe gbé ọ̀rọ̀ afárá wa dé orí rédíò ní Ìlọrin, àti owó tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa

₦55,000 ni wọ́n ní ká san. A kò fẹ́ polówó ọjà, a kò fẹ́ kéde ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà. Ọ̀rọ̀ afárá tó já la fẹ́ sọ, afárá tí àwọn ọmọ wa ń gbà lọ sí ilé ìwé. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àmọ́ a sọ ọ́ lórí rédíò, a kò sì san kọ́bọ̀ nínú owó yẹn. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílẹ̀, kó fara balẹ̀ kà á.

Aránṣọ ni mí, ìsọ̀ mi wà lápá Gáà Àkànbí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Odò kékeré kan ló pín wa sí méjì. Ọ̀gbàrá òjò gbé ẹ̀gbẹ́ kan afárá náà lọ, a fi pákó dí i, òjò mìíràn gbé pákó náà lọ. Àgbàlagbà lè gba ọ̀nà míì yí ká. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó gbé báàgì ìwé kọ́ ẹ̀yìn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, orí ògiri tó ṣẹ́kù ló ń gbà kọjá.

Ìgboro Ìlọrin tí ẹ ń wò bí ìlú kan ṣoṣo yìí, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín in mọ́wọ́. Tiwa ni Gúúsù Ìlọrin, Fúfù sì ni sẹkitéríàtì rẹ̀ wà, bí ti Ìlà Oòrùn Ìlọrin ṣe wà ní Òkè Òyì. Èèyàn gbọ́dọ̀ wọkọ̀ jáde kúrò nígboro pátápátá kó tó rí ẹni tó máa gba lẹ́tà afárá tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. A kọ lẹ́tà, a lẹ fọ́tò mọ́ ọn, a gbé e lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa. Ó parí síbẹ̀.

Ní ìpàdé, alága wa ní ká gbé e lọ sí rédíò, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Rédíò ni Ìlọrin fi ń jí. Radio Kwara lórí 612 ni àwọn bàbá wa fi dàgbà. Lónìí, Midland wà lórí 99.1, Harmony ń sọ̀rọ̀ láti Ìdọ̀fìàn lórí 103.5, Royal wà lórí 95.1, Sobi lórí 101.9, Albarka lórí 89.9, yunifásítì náà sì ní tirẹ̀ lórí 89.3. Ní ìsọ̀ mi, kí n tó fi òwú sí abẹ́rẹ́ ni mo ti ń tan rédíò. Àwọn oníbàárà mi á jókòó, wọ́n á máa bá atọ́kùn jiyàn bí ẹni pé ó wà nínú ìsọ̀, lórí owó epo, lórí omi tí kò yọ, lórí pàǹtí tí wọn kò kó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú ti ń gbóná, àwọn ìjòyè àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń gbọ́ ọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ wa ti ṣẹlẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni kéèyàn pe nọ́ńbà tí wọ́n bá sọ. Ibẹ̀ ni owó ti kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, kò sí ìṣẹ́jú tí kì í dun àpò. Wọ́n á gbé ìpè rẹ, ẹni tó wà nídìí fóònù á béèrè orúkọ àti àdúgbò, á ní kó o dúró. Wàá máa gbọ́ ètò láti inú fóònù, owó rẹ á máa lọ. Wọ́n á lọ síbi ìpolówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí, owó á ṣì máa lọ. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kàn ọ́, ìlà á já.

Àwọn tó tún ń dí wa lọ́nà ni àwọn tó ń pè lójoojúmọ́. Ẹ mọ̀ wọ́n. Atọ́kùn kò tíì ka nọ́ńbà tán tí wọ́n ti wọlé. Wọ́n á kí atọ́kùn, wọ́n á kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á kí àwọn tí wọ́n jọ ń pè, wọ́n á kí Mágàjí àdúgbò wọn, àkókò á ti lọ. N kò ní kí wọ́n má pè, ìlú ló ni rédíò. Ṣùgbọ́n ẹni tí afárá já lẹ́yìn ilé rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn wọn, ó ń sanwó lórí gbogbo ìkíni yẹn. Nígbà tí èmi náà wọlé, rédíò obìnrin tó ń ta nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ń ké sínú fóònù. "Ẹ yí rédíò yín wálẹ̀, mà, ẹ yí rédíò yín wálẹ̀." Kí wọ́n tó bá mi pa á, atọ́kùn ti ní, "Ẹ ṣeun, a ti gbọ́ yín." Kí ni wọ́n gbọ́? Orúkọ mi àti Gáà Àkànbí nìkan ni.

A bá lọ síbẹ̀ fúnra wa. Ti géètì àti ìwé àlejò, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú kí wa dáadáa, ó ní, "Mọ́mì, ẹ lọ kọ ọ́ sórí ìwé ẹgbẹ́ yín, kí ẹ darí rẹ̀ sí ọ̀gá àgbà." A ṣe bó ṣe wí. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́, alága buwọ́ lù ú, a fi òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìdààmú bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, wọ́n ní lẹ́tà wa ti wà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba owó ìpolówó. Mo ní kí ló dé tó fi dé ọ̀dọ̀ wọn? Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fà á yọ nínú fáìlì, ó mú bébà tí wọ́n to iye owó sí, ó ní ẹgbẹ́ ni wá, a ní ohun tí a fẹ́ kí aráyé gbọ́, ìkéde nìyẹn. Ó ní a lè kéde rẹ̀ léraléra fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ká ra àkókò kí àwa fúnra wa wá sọ ọ́. Ríra àkókò ló jẹ́ ₦55,000.

Mo ní, "Ọ̀gá, ètò tí ẹ ń ṣe láràárọ̀, tí ẹ ní kí ará ìlú wá sọ ìṣòro àdúgbò wọn, ìyẹn ńkọ́?"

Ó ní, "Mà, ìyẹn jẹ́ ti àwọn tó bá pè."

"A ti pè."

"Ẹ tún máa pè."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí, ó tiẹ̀ fún alága ní àga. Ó ṣàlàyé pé epo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ, pé owó òṣìṣẹ́ kì í ti ojú ọ̀run já bọ́, pé ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ ló ń fi owó ara wọn ra àkókò, tí wọ́n sì ń wá onígbọ̀wọ́ kiri. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Èmi náà ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ní ìsọ̀. Àmọ́ tí owó epo bá wọ́n mi, orí aṣọ tí mo rán ni mo ń gbà á. N kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wá sọ fún mi pé iná ń jó lẹ́yìnkùlé.

A lọ bá atọ́kùn ètò náà. Ó gbọ́ wa, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n lẹ́tà wa ti wọ ìwé ní ọ́fíìsì yẹn, òun kò lè fọwọ́ kàn án àfi tí wọ́n bá dá a padà. A padà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní ọ̀gá tó lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá a padà ti lọ sí Àbújá. Ó dé láti Àbújá, ó wà nínú ìpàdé. Ó jáde nínú ìpàdé, fáìlì kò sí lórí tábìlì. Aṣọ àwọn oníbàárà mi ń kóra jọ ní ìsọ̀, èmi wà lórí bẹ́ǹṣì àwọn àlejò, mò ń gbọ́ ètò náà lórí gbohùngbohùn tó wà lórí ògiri, tí ẹlòmíì ń sọ nípa àdúgbò tirẹ̀.

Nígbà tó yá, ó sú alága. Ó ní, "Ìyá Fárúùq, ẹ jẹ́ ká dá owó yìí, ká sinmi." Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tiẹ̀ ti ń dá a. Mo kọ̀. Mo ní, "Alhaji, tí a bá san án, àdúgbò tó bá tẹ̀lé wa ń kọ́? Àwọn tí kò ní rárá ń kọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ètò ló tú wa sílẹ̀. Ó ti ń rí wa lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní gbogbo lẹ́tà ẹgbẹ́ tó bá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, ọ́fíìsì ìpolówó ló máa ń bọ́ sí, bí wọ́n ṣe ń pín in nìyẹn. Ó ní ká kọ tuntun sí olórí ẹ̀ka ètò, ká dárúkọ ètò náà gan-an lókè, ká sì má kọ "afárá wa" sí àkòrí. Ká kọ ọ́ ní ìbéèrè tó kan gbogbo ìlú: ta ni afárá kékeré àdúgbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni àbí ìpínlẹ̀? Ká wá sọ pé a lè wá bí àlejò láti fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìjíròrò ni, kò sẹ́ni tó lè pè é ní ìkéde. Gbólóhùn yìí ló yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún wa ní géètì. Kíá ni wọ́n fún wa lọ́jọ́.

Mo múra sílẹ̀ fún un, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo fi wọn afárá náà: ẹsẹ̀ bàtà 16 ni gígùn rẹ̀, 5 ló ti wó. Mo mú ẹ̀dà lẹ́tà Fúfù tó ní òǹtẹ̀ dání. Nínú sítúdíò, alága kí àwọn olùgbọ́, èmi sọ ọ̀rọ̀. N kò ké, n kò bú ẹnikẹ́ni. Mo sọ iye tó wó, mo sọ ibi tí àwọn ọmọ ń gbà.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan pè láti Òkó Erin pé tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn pè láti Òró, ó ní ìjọba ìbílẹ̀ kò lówó, pé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Atọ́kùn rán an létí pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ibẹ̀ ni iyàn ti gbóná. Wọ́n wá pe òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan sórí fóònù. Ó ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan láti àdúgbò wa. Mo ka ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ sí i létí, lójú gbogbo ìlú. Ó ní òun máa wádìí. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo gba fúríídọ̀mù lọ.

Ẹ má lọ síbẹ̀ láìní ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Ẹ sì ní kí ẹnì kan nílé fi fóònù gba ètò náà sílẹ̀, torí nígbà tí a béèrè fún un lẹ́yìn ètò, owó ni wọ́n tún dárúkọ. Ọmọ iṣẹ́ mi ti gbà á sílẹ̀, mo kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, mo jáde. Tó bá jẹ́ pé fóònù nìkan ni agbára yín gbé, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ètò náà, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ má kí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Àwọn ti Fúfù wá. Wọ́n wọn afárá náà, ó jẹ́ iye tí mo wí, wọ́n da yanrìn sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò tíì fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Nítorí náà, mo tún ti kọ̀wé, lábẹ́ òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, tó sì fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún afárá ní àgbègbè wa ni mo béèrè. Òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀dà tiwa, mo sì ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí atọ́kùn náà. Ó ní tí ọjọ́ náà bá pé láìsí èsì, ká má wulẹ̀ kọ lẹ́tà mìíràn, ká máa bọ̀ ní sítúdíò.